Páwà tí ẹ fọwọ́ ara yín ṣe ń kùn, tàbí ó ń jó fíúsì: bí a ṣe ń wá àrùn rẹ̀ láti ìdí ògiri dé ẹnu sípíkà

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ni ọmọkùnrin kan gbé àpótí irin kékeré wọ ìsọ̀ mi lẹ́yìn Ọjà Ọba, ní Àkúrẹ́. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o,” ó sì gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni gbé adìẹ tó ti kú kalẹ̀ níwájú olówó rẹ̀. Páwà tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe fún míkísà ìjọ wọn ló wà nínú rẹ̀: fóòtì 15 lápá pọ́sítíìfù, fóòtì 15 lápá nẹ́gátíìfù, gíráùn, ìyẹn ojú òdo, láàárín. Tó bá wà lórí tábìlì, kò sí wàhálà kankan. Tó bá ti kó o sínú àpótí, tó de é ní sukúrúù, fíúsì á jó. Ó ti pààrọ̀ rẹ́gúlétọ̀ nẹ́gátíìfù, ìyẹn ẹ̀yà tó ń mú kí iye ìjáde dúró sójú kan, lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ó ti pààrọ̀ dáyóòdù. Nígbà tó sú u, ó fi ẹyọ wáyà kan dípò fíúsì, ni tiransifọ́mà bá bẹ̀rẹ̀ sí í rùn.

Mo bi í pé, “Àbúrò, kí ni mítà wí?”

Ó wolẹ̀. Láti ìgbà tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, kò tíì fi mítà kan ohunkóhun nínú rẹ̀.

Mo máa sọ ohun tó wà nínú àpótí náà fún yín tí a bá dé ìdí rẹ́gúlétọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo sọ fún un lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́. Ẹ wo bí alájọ ṣe ń rìn nínú ọjà. Ìsọ̀ dé ìsọ̀ ló ń lọ, kì í fo ẹnì kan, ohun tó bá sì gbà lọ́wọ́ oníkálukú, ó ń kọ ọ́ sínú káàdì lójú ẹsẹ̀. Bí a ṣe ń wá àrùn inú páwà nìyẹn. Iná wọlé láti ògiri, ó dé ọ̀dọ̀ fíúsì, ó dé tiransifọ́mà, ó gba inú dáyóòdù mẹ́rin tó ń sọ AC (iná tó ń lọ tó ń bọ̀) di DC (iná tó ń lọ síbì kan), ó dé ọ̀dọ̀ kàpásítọ̀ ńlá méjì, ó dé rẹ́gúlétọ̀, ó jáde. Ẹ yà sí ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ béèrè iye tó wà níbẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ibi tí iye náà kò bá ti pé mọ́, ìsọ̀ náà tàbí èyí tó tẹ̀lé e ló mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Irú páwà tó wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ àwa tí à ń ṣe míkísà, ikualáísà àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn ni mo ń bá wí: tiransifọ́mà 15-0-15 (òdo ní àárín, 15 ní etí kọ̀ọ̀kan), rẹ́gúlétọ̀ LM7815 lápá pọ́sítíìfù, LM7915 lápá nẹ́gátíìfù. Ẹni tó bá lo LM317 àti LM337, àwọn rẹ́gúlétọ̀ tí a lè tún iye wọn tò, mo máa dá tiyín sọ̀rọ̀ díẹ̀.

Kí ẹ tó fọwọ́ kàn án

Iná ògiri kò mọ ọ̀gá, kò mọ ọmọ iṣẹ́. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri pátápátá. Súwíìṣì nìkan kò tó, torí ẹlòmíràn lè wọlé kó tẹ̀ ẹ́. Ẹ wọ bàtà. Tó bá di dandan kí ẹ wọn nǹkan nígbà tí iná wà lórí rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ kan ṣoṣo ṣe é, kí ọwọ́ kejì wà lẹ́yìn yín. Bí a ṣe kọ́ mi nìyẹn, mi ò sì tíì fi í sílẹ̀.

Kàpásítọ̀ ńlá máa ń tọ́jú iná pamọ́ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ púlọ́ọ̀gì. Ẹ má fi sukúrú-dáráfà pa ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì pọ̀ kó ta pàù, bí mo ṣe ń rí i tí àwọn kan ń ṣe. Ó ń ba kàpásítọ̀ jẹ́, ó sì lè ta irin gbígbóná sójú. Ẹ mú rẹsítọ̀ 1k, kí ẹ fi kan ẹsẹ̀ méjèèjì fún ìdajì ìṣẹ́jú, kí ẹ wá fi mítà wò ó pé kò ku fóòtì 1 níbẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún kàpásítọ̀ kejì náà.

Ohun kejì tí ẹ gbọ́dọ̀ ní ni gílóòbù oníwáyà ti àtijọ́, 60 wáàtì tàbí 100. Gílóòbù LED kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Àwọn oníwáyà yìí ti ń wọ́n, àmọ́ ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń sin òròmọdìẹ, wọ́n ṣì ń fi í mú ilé adìẹ gbóná. Ẹ gé wáyà tó ń gbé iná wá, ìyẹn láìfù, kí ẹ so gílóòbù náà sáàárín rẹ̀, kó fi jẹ́ pé gbogbo iná tí páwà yín máa mu gbọ́dọ̀ gba inú gílóòbù kọjá. Ẹ fi téèpù bo ojú ibi tí ẹ ti so ó. Tí ẹ bá wá tan án, tí gílóòbù mọ́lẹ̀ fìrì tó sì rẹlẹ̀ padà, kàpásítọ̀ ló ń mu iná ìbẹ̀rẹ̀, ewu kò sí. Tó bá mọ́lẹ̀ kedere tí kò rẹlẹ̀, ṣọ́ọ̀tì wà nínú rẹ̀. Gílóòbù ti gba ìyà tí fíúsì ì bá jẹ, tiransifọ́mà yín kò sì rùn. Ká ní ọmọ yìí ní gílóòbù ni, owó rẹ́gúlétọ̀ mẹ́rin wà lápò rẹ̀.

Ẹ fi ojú àti imú ṣe iṣẹ́ kí mítà tó dé

Ẹ ṣí i, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Kàpásítọ̀ tí orí rẹ̀ wú bí ẹ̀wà tó wà nínú omi mọ́jú ti kú. Bọ́ọ̀dù tó dúdú lábẹ́ rẹsítọ̀ tàbí rẹ́gúlétọ̀ ń sọ pé ooru pọ̀ níbẹ̀. Ẹ fi ọ̀pá ike ti àwọn ẹsẹ̀ tiransifọ́mà àti ti rẹ́gúlétọ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn ni wọ́n wúwo, àwọn ni wọ́n sì máa ń gbóná, léèdì tí a fi jó ẹsẹ̀ wọn mọ́ bọ́ọ̀dù ló máa ń kọ́kọ́ là. Ibi tí ẹ bá ti rí òrùka tín-ín-rín yí ẹsẹ̀ ká, ẹ tún un jó. Ní ìlú wa yìí, ẹ tún wo àwọn àlejò: èèrà, aáyán, ọmọńlé. Mo ti bá ọmọńlé tó gbẹ bí ẹja pańla láàárín fíúsì àti irin àpótí rí.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ojú tí kàpásítọ̀ kọ sí. Lápá pọ́sítíìfù, ẹsẹ̀ pọ́sítíìfù kàpásítọ̀ wà lókè, nẹ́gátíìfù rẹ̀ wà ní gíráùn. Lápá nẹ́gátíìfù, ẹsẹ̀ pọ́sítíìfù ni yóò wà ní gíráùn. Ibẹ̀ ló ń da orí ènìyàn rú, torí ọwọ́ ti mọ́ wa lára láti máa so nẹ́gátíìfù mọ́ gíráùn. Ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, mo yí 4700µF kan po báyìí, mo tan iná, mo sì tẹ orí mọ́lẹ̀ láti wò ó dáadáa. Ó bú! Bébà funfun àti èéfín kún inú ìsọ̀, ọ̀gá mi sì bẹ́ síta kó tó béèrè ẹni tó kú. Láti ọjọ́ náà, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ni mo ń fi jìnnà nígbà àkọ́kọ́ tí mo bá tan páwà tuntun.

Fíúsì àti tiransifọ́mà

Fíúsì kì í kàn ṣàdédé jó. Tó bá jó tó dúdú bí ìdí ìkòkò, ṣọ́ọ̀tì ńlá ló pa á. Tí wáyà inú rẹ̀ bá kàn já láàárín láìsí dúdú, ó lè jẹ́ pé ó kéré fún iṣẹ́ náà, tàbí pé ó ti rẹ̀ ẹ́.

Ẹ yọ àwọn wáyà tiransifọ́mà tó lọ sọ́dọ̀ dáyóòdù, kó dá wà. Ẹ gbé mítà sí AC, ẹ tan iná. Láti àárín sí etí kan, ẹ máa rí bíi 15 sí 17. Láti àárín sí etí kejì, bákan náà. Láti etí dé etí, bíi 30 sí 34. Ó fi díẹ̀ ju iye ara rẹ̀ lọ torí pé kò tíì gbé ẹrù, ìyẹn ohun tó máa mu iná rẹ̀. Tí apá kan bá kọ òdo, wáyà apá náà ti já. Tí tiransifọ́mà yín bá jẹ́ olókùn méjì tó dá wà, tí ẹ fúnra yín so pọ̀, tí okùn kọ̀ọ̀kan ń fún yín ní 15 ṣùgbọ́n tí etí dé etí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo, ẹ ti so okùn kan lódì. Ẹ yí ẹsẹ̀ okùn kan ṣoṣo po, ó parí.

Ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀ nípa tiransifọ́mà tòkùnbọ̀ tí kò ní orúkọ lára. Ẹnì kan á ra 24-0-24 pé bó bá ti pọ̀ ló dára. Iye AC yẹn, ẹ fi 1.41 ṣe ìlọ́po rẹ̀, kí ẹ yọ 0.7 tí dáyóòdù máa jẹ: ó lé ní fóòtì 33. Nígbà tí kò sí ẹrù, á tún gòkè sí i. 7815 kò gbà ju 35 lọ lẹ́nu ọ̀nà ìwọlé rẹ̀. Bí kò bá tilẹ̀ kú, fóòtì 18 ló máa sọ di ooru lásán. Tí míkísà bá ń mu 0.3 áńpù, wáàtì 5 àti ààbọ̀ nìyẹn. Ẹyin lè jinná lórí rẹ̀.

Dáyóòdù

Ẹ pa iná, ẹ tú kàpásítọ̀ sílẹ̀, ẹ gbé mítà sí àmì dáyóòdù, kí ẹ sì yọ ẹsẹ̀ kan dáyóòdù kọ̀ọ̀kan kúrò nínú bọ́ọ̀dù kí ẹ tó wọ̀n ọ́n, torí àwọn yòókù lè purọ́ fún yín. Lọ́nà kan, 0.5 sí 0.7. Lọ́nà kejì, mítà kò gbọdọ̀ rí nǹkan kan. Tó bá kọ òdo lọ́nà méjèèjì, ó ti ṣọ́ọ̀tì, òun ló sì ń jó fíúsì. Tí kò bá rí nǹkan lọ́nà méjèèjì, ó ti já.

Èyí tó já yìí ló gbọ́n jù nínú wọn. Tí ẹ bá wọn páwà láìsí ẹrù, gbogbo iye ló pé. Ìgbà tí míkísà bá bẹ̀rẹ̀ sí í mu iná ni apá kan á máa rẹ̀wẹ̀sì, torí ìdajì ìgbì iná nìkan ló ń dé ọ̀dọ̀ kàpásítọ̀. Etí lè mọ̀ ọ́n. Iná wa ń lù ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nígbà tí dáyóòdù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá pé, kíkùn páwà máa ń jẹ́ 100, ó ń dún bí oyin. Tí ọ̀kan bá já, ó máa rẹlẹ̀ sí 50, á wá dà bí àgbàlagbà tó ń hanrun ní yàrá kejì.

Ẹ má fi 1N4007 ṣe é tí ẹrù yín bá sún mọ́ áńpù 1. 1N5408 gba 3, iye owó tó fi lé kò tó nǹkan.

Kàpásítọ̀ ńlá

Ẹ gbé mítà sí DC. Pẹ̀lú tiransifọ́mà 15-0-15, apá pọ́sítíìfù á wà ní bíi 20, apá nẹ́gátíìfù ní bíi -20, ó lè fi díẹ̀ lé. Kí méjèèjì sún mọ́ ara wọn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n iye DC nìkan kò sọ gbogbo ọ̀rọ̀. Kàpásítọ̀ tó ti gbẹ lè fún yín ní 20 tó dára lójú tó sì kún fún ìgbì. Ẹ so ẹrù mọ́ ọn, kí ẹ gbé mítà sí AC lórí kàpásítọ̀ kan náà. Ìṣirò rẹ̀ kò le: áńpù tí ẹrù ń mu, ẹ pín in fún 100, kí ẹ tún pín in fún ìwọ̀n kàpásítọ̀ ní fárádì. 0.5 áńpù lórí 4700µF máa fún yín ní ìgbì tó ga tó fóòtì 1 láti ìsàlẹ̀ dé òkè, mítà á sì kọ nǹkan bíi 0.3. Lórí 2200µF, á lé ní 2. Tí mítà bá kọ iye tó ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, kàpásítọ̀ ti gbẹ tàbí dáyóòdù kan ti já.

Ẹ ṣọ́ra fún mítà olówó pọ́ọ́kú níbí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ bí a ṣe ń ya DC kúrò lára AC: ẹ gbé e sí AC, ẹ fi kan DC 20, ó lè kọ ohun tó lé ní 40. Ẹ má bẹ̀rù. Ẹ so kàpásítọ̀ kékeré 1µF tí kì í ṣe oní-pọ́sítíìfù mọ́ ẹnu wáyà mítà kan, kí ẹ gba ibẹ̀ wọn ọ́n. DC kò ní lè kọjá, ìgbì nìkan ló máa dé inú mítà.

Rẹ́gúlétọ̀, ibi tí ọ̀rọ̀ wà

Ẹ di 7815 mú kí ìkọ̀wé rẹ̀ kọjú sí yín, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Láti òsì: ìwọlé, gíráùn, ìjáde. Ẹ wá mú 7915 dání bákan náà. Láti òsì: gíráùn, ìwọlé, ìjáde. Wọn kì í ṣe ìbejì! Ẹni tó bá ya ọ̀nà 7915 sórí bọ́ọ̀dù bí ti 7815, á pa á nígbà tó bá tan iná. LM317 àti LM337 tún yàtọ̀: 317 ni àtúntò, ìjáde, ìwọlé, 337 ni àtúntò, ìwọlé, ìjáde.

Ìyàtọ̀ yìí kò parí síbi ẹsẹ̀. Irin ẹ̀yìn rẹ́gúlétọ̀, tí a ń dè mọ́ hítì-sínkì, ìyẹn irin tó ń gba ooru rẹ̀, so mọ́ ẹsẹ̀ àárín. Lára 7815, gíráùn ni. Tó bá kan irin àpótí, kò sí ohun tó máa ṣe. Lára 7915, irin náà ni -20 tó ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ kàpásítọ̀. Ẹ dè é mọ́ àpótí tó so mọ́ gíráùn, ẹ ti fi sukúrúù pa kàpásítọ̀ ńlá mọ́ gíráùn nìyẹn. Ìdí tí fíúsì fi ń jó nínú àpótí tí kì í jó lórí tábìlì nìyẹn.

Nígbà tí mo sọ èyí fún ọmọkùnrin náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bínú. Ó ní, “Ọ̀gá, mo mà fi máíkà sí i!” Lóòótọ́ ni. Máíkà, awẹ́ tín-ín-rín tí iná kì í gbà kọjá, wà níbẹ̀, ó tiẹ̀ fi òróró funfun pa á lójú méjèèjì, iṣẹ́ mímọ́. Mo gbé mítà sí óòmù tó ń ké, mo fi ẹnu wáyà mítà kan kan irin 7915, mo fi ìkejì kan àpótí. Ó ké píì. Sukúrúù fúnra rẹ̀ ló gba inú ihò irin kọjá, tó sì fara kan méjèèjì. Fìlà róbà kékeré tó yẹ kó wọ inú ihò náà, tó ń ya sukúrúù sọ́tọ̀, kò sí níbẹ̀. Ó ní ẹni tó ta máíkà fún òun kò fún òun ní róbà. A wá ọ̀kan nínú agolo páàtì mi, a fi sí i, mítà dákẹ́. Rẹ́gúlétọ̀ mẹ́rin tó ti yọ dànù, a wọn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: mẹ́ta ṣì yè.

Nítorí náà, kí ẹ tó tan iná lẹ́yìn tí ẹ bá de rẹ́gúlétọ̀ mọ́ irin, ẹ fi óòmù tó ń ké wọn àárín irin rẹ̀ àti àpótí. Kò gbọdọ̀ ké.

Tí ìyẹn bá ti dára, ẹ so rẹsítọ̀ 47 óòmù, 10 wáàtì, mọ́ ìjáde kọ̀ọ̀kan. Á mu bíi 0.32 áńpù ní fóòtì 15, á sì gbóná tó bíi wáàtì 5, ẹ má gbé e lé orí ike. Ẹ wọn ìjáde. Láàárín 14.4 àti 15.6, ó pé. Tí kò bá pé, ẹ gbọ́ ohun tí iye náà ń sọ.

Tí ìjáde bá fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ìwọlé dọ́gba, bíi 19, rẹ́gúlétọ̀ ti ṣọ́ọ̀tì nínú, tàbí ẹsẹ̀ gíráùn rẹ̀ ti já lórí bọ́ọ̀dù. Ìkejì yìí wọ́pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ, léèdì kan ṣoṣo tó là ló ń fà á. Òun ló sì burú jù fún míkísà: TL072 ìran àtijọ́, áísíì tó wà nínú ọ̀pọ̀ míkísà, kò gbà ju 18 lọ lápá kọ̀ọ̀kan. Ẹ má so míkísà mọ́ páwà tí ẹ kò tíì wọ̀n.

Tí ìjáde bá kéré, ẹ padà wo ìwọlé. 7815 nílò ó kéré tán fóòtì 2 lórí 15 rẹ̀, ní ìsàlẹ̀ ìgbì, kì í ṣe ní òkè rẹ̀. Tí ìwọlé bá pé tí ìjáde kéré, tí rẹ́gúlétọ̀ sì ń jóni lọ́wọ́, ẹrù pọ̀ jù fún un tàbí hítì-sínkì kéré. Ó ní ọgbọ́n kan nínú: tó bá gbóná jù, á pa ara rẹ̀, tó bá tutù, á padà. Páwà tó ń ṣiṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tó ń lọ, tó ń bọ̀, ẹ wo hítì-sínkì rẹ̀ kí ẹ tó fura sí ohunkóhun mìíràn.

Tí iye bá ń ṣe ségesège, tí 7915 ń gbóná láìní ẹrù, tí sípíkà ń dún ṣíì, rẹ́gúlétọ̀ ń gbọ̀n ni. 7915 kò lè dúró láìní kàpásítọ̀ lẹ́nu ìjáde rẹ̀: táńtálọ́ọ̀mù 1µF, tàbí eléletiroláítì 25µF, nídìí ẹsẹ̀ rẹ̀ gan-an, kì í ṣe lópin wáyà gígùn. 7815 máa ń fara dà á, ṣùgbọ́n ẹ fi 0.33µF síwájú àti 0.1µF sẹ́yìn rẹ̀.

Àrùn kan tún wà tó máa ń jọ iṣẹ́ àjẹ́: ẹ tan páwà, apá kan dìde, apá kejì dúró sí òdo, ẹ yọ ẹrù, méjèèjì dìde. Apá tó kọ́kọ́ jí ló gba inú míkísà fa ìkejì lọ sódì, kò wá jẹ́ kó jí. Dáyóòdù 1N4007 méjì ni oògùn rẹ̀. Lápá pọ́sítíìfù, ẹsẹ̀ tó ní ìlà sí ìjáde, ìkejì sí gíráùn. Lápá nẹ́gátíìfù, ẹsẹ̀ tó ní ìlà sí gíráùn, ìkejì sí ìjáde.

Ẹ̀yin oní-LM317: iye ìjáde ni 1.25, ẹ fi ọ̀kan pẹ̀lú rẹsítọ̀ ìsàlẹ̀ tí a pín fún ti òkè ṣe ìlọ́po rẹ̀. 240 àti 2.7k máa fún yín ní bíi 15.3. Tí rẹsítọ̀ ìsàlẹ̀ bá já, ìjáde á fò dé òkè pátápátá. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ràn fólúùmù kékeré tí à ń fi sukúrú-dáráfà yí níbẹ̀: eruku ọyẹ́ kan báyìí, ẹnu rẹ̀ gbé sókè, míkísà lọ.

Nígbà tí páwà kò ní ẹ̀bi

Ẹnì kan wá láti Òkè-Àró pé páwà òun ń kùn láti aago méje alẹ́, ṣùgbọ́n tó bá di òru, ó ń dákẹ́. Páwà tó bá mọ aago, ẹ lọ wọn ògiri. Tiwọn ti wálẹ̀ láti 230 dé 150 ní ìrọ̀lẹ́ náà. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: 15 di bíi 9.8, ìlọ́po 1.41 di 13.8, ẹ yọ 0.7, ó ku 13. Kò sí bí rẹ́gúlétọ̀ ṣe lè rí 15 nínú 13. Ó jọ̀wọ́ ara rẹ̀, ìgbì sì bá a kọjá lọ sínú sípíkà. Tiransifọ́mà 18-0-18 ni mo fi sí i. Ooru rẹ̀ pọ̀ díẹ̀, mo fẹ hítì-sínkì rẹ̀, àmọ́ ó ń dúró títí ògiri fi dé bíi 170. Ní ìsàlẹ̀ ìyẹn, sítébíláísà ni kí ó rà.

Ínfátà olówó pọ́ọ́kú tí ìgbì rẹ̀ dà bí àtẹ̀gùn máa ń mú kí tiransifọ́mà fúnra rẹ̀ kùn, kódà tí ìjáde bá mọ́. Ẹ fi etí sí àpótí, kì í ṣe sí sípíkà, ẹ máa mọ ìyàtọ̀.

Iye pé, ó ṣì ń kùn

Èyí ló ń jẹ àkókò jù, kò sì sí rẹ́gúlétọ̀ tó lè wò ó, torí wáyà gíráùn ló fà á.

Ẹ kọ́kọ́ yọ gbogbo okùn tó wọ míkísà, kí ẹ yí fólúùmù wálẹ̀. Tí kíkùn bá lọ, páwà kò mọ̀ ọ́n rí. Okùn tó wá láti ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ mìíràn ló gbé e wá, pàápàá tí ẹ̀rọ náà bá wà ní sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri mìíràn. Ẹ kó gbogbo wọn sí ibì kan náà. Ẹ má gé wáyà ààbò, ìyẹn ẹ́ẹ̀tì, lára púlọ́ọ̀gì. Mo mọ̀ pé ó máa ń pa kíkùn, ó sì ti pa ènìyàn.

Tí kò bá lọ, ẹ ṣí àpótí. Láàárín tiransifọ́mà àti ojú ibi tí kàpásítọ̀ ńlá méjèèjì ti pàdé, wáyà kan wà tí iná rẹ̀ dọ̀tí, torí kàpásítọ̀ kì í mu iná díẹ̀díẹ̀, ó ń gbé e mì káló-káló ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá. Tí ẹ bá lọ mú gíráùn míkísà láti orí wáyà yẹn, omi ìfọṣọ àti omi mímu ti gba ojú agbárá kan náà. Ẹ jẹ́ kí àárín tiransifọ́mà lọ tààrà sí ibi tí kàpásítọ̀ ti pàdé. Kí wáyà mìíràn jáde láti ibẹ̀ lọ sí ojú kan ṣoṣo nídìí ìjáde, kí gíráùn 7815, ti 7915, ti kàpásítọ̀ kékeré àti ti míkísà pàdé níbẹ̀. Àpótí irin náà, ojú kan yìí ni kó so mọ́, kì í ṣe ibi mẹ́ta. Mo ti rí páwà tí iye rẹ̀ pé pérépéré, tó ń kùn fún oṣù méjì, tó dákẹ́ nítorí pé a gbé wáyà kan sún íǹṣì méjì.

Tó bá kù díẹ̀ síbẹ̀, ẹ tú tiransifọ́mà kúrò nídìí sukúrúù, kí ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀ lórí ìdúró rẹ̀, ẹnì kan ń gbọ́ sípíkà. Ìkarahun tiransifọ́mà ni kí ẹ dì mú, ẹ má sún mọ́ wáyà ògiri. Tí kíkùn bá ń pọ̀, tó ń dínkù bí ẹ ṣe ń yí i, ipá òòfà rẹ̀ ló ń dé ọ̀dọ̀ míkísà. Ẹ dè é síbi tó ti dákẹ́ jù, tàbí kí ẹ gbé páwà jìnnà.

Káàdì alájọ

A so rẹsítọ̀ 47 méjì mọ́ páwà ọmọkùnrin náà, fíúsì gidi wà nínú rẹ̀, gílóòbù ti kúrò. Wákàtí kan ni mo ní kó jókòó tì í, kó máa wọ̀n ọ́n ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Lẹ́yìn náà, ó ya bébà kan nínú ìwé rẹ̀, ó kọ ọjọ́, iye ògiri, iye AC méjèèjì, iye kàpásítọ̀ méjèèjì, iye ìjáde méjèèjì, ó sì fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìdérí. Nísàlẹ̀ rẹ̀, láìjẹ́ pé mo sọ fún un, ó kọ ọ́ gàdàgbà: “7915: RÓBÀ SUKÚRÚÙ.”